Èsì: Ṣé ahun ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ìnáwó òkú fi kéré ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)?

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ahun o, owó ni ò sí. Nígbà tí epo rọ̀bì ń pawó ní Nàìjíríà ní nǹkan bíi 1974 sí 1980, àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń kó léèsì bọ̀ wá ṣòkú, wọ́n á pa màlúù, ìlù á dún mọ́jú. Epo wá já wálẹ̀, 1983 ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí ò níwèé, 1984 wọ́n ti bọ́dà pa, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ká tó mí, 1994 wọ́n gé iye sẹ́fà, owó tí à ń ná ní Benin, sí méjì. Báyìí ẹbí á ní kí kálukú wọ ańkárá tó wà nílé. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ìbátan Kétu ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, owó ọkọ̀.