Ṣé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni bàbá mi máa fi gba fẹ́lóṣíìpù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Kubwa ní Abuja la ń gbé. Àyàn ni bàbá mi, wọ́n ń ṣe dùndún, wọ́n sì ń lù ú. Mo gbọ́ pé àwọn àjọ òkè òkun ń fún àwọn tó ní ìmọ̀ ìbílẹ̀ ní fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn owó tàbí ẹ̀kọ́ ìrànwọ́. Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ la ti máa gbàwé ọmọ ìbílẹ̀ ni, àbí káńsù Bwari tí à ń gbé? Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì wọkọ̀. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí a fi ń wáṣẹ́ ìjọba kọ́ ni àwọn àjọ náà ń wí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé ìmọ̀ bàbá ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn wá, àti pé àwọn onílù ẹgbẹ́ wọn mọ̀ wọ́n sí i. Lẹ́tà olórí àwọn àyàn ìlú yín àti orúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn wúlò ju òǹtẹ̀ káńsù lọ.

National Heritage Fellowship ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, kò kàn yín: àwọn tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tó ní ìwé ìgbélùú ló wà fún. Fẹ́lóṣíìpù ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Èyí tó sún mọ́ bàbá ni Endangered Material Knowledge Programme ti British Museum ní London. Owó ìwádìí ni, láti fi ya bí a ṣe ń ṣe nǹkan sí fídíò. Olùwádìí ló sábà máa ń kọ̀wé béèrè, nítorí náà ẹ rí i pé owó bàbá wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó gbẹgẹ́ nìyí: ohun tí wọ́n bá yà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, gbogbo ayé á rí i. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi, bí wọ́n ṣe ń rẹ awọ ewúrẹ́, bí wọ́n ṣe ń fa ọsán títí ìlù á fi fọhùn, ìyẹn ò burú. Ohun tí wọ́n ń bá Àyàn, òrìṣà ìlù, sọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi ńkọ́? Awọ la fẹ́ fi hàn, kì í ṣe awo. Kí bàbá fẹnu ara wọn sọ ohun tí kámẹ́rà ò gbọdọ̀ rí, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Mo ti bá ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ fídíò kan kúrò rí. Oṣù mẹ́jọ ló gbà wá.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ tú u bó ṣe rí. Ọmọ kan kọ̀wé fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró, ìwé náà le bí ìwé yunifásítì, a ò gbúròó ìyá níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo bi ìyá bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ, wọ́n ní àwọn máa ń fahọ́n tọ́ ọ wò ni. Ìyẹn ló yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́.