Igi ìdábùú kendama ń yọ nígbà ọyẹ́: ṣé kí n fi gúlù lẹ̀ ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi kendama onígi ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ìyẹn ohun ìṣeré ilẹ̀ Jàpáánì tí wọ́n fi okùn so bọ́ọ̀lù oníhò mọ́ ọ̀pá: ọmọ á ju bọ́ọ̀lù sókè, á fi àwo gbé e tàbí kó fi ṣóṣóró, ẹnu ọ̀pá tó mú, gún ihò rẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni igi ìdábùú rẹ̀ ti ń mì, nígbà míì á yọ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dà ara bọ́ọ̀lù náà sì ń bó lẹ́nu ihò. Ṣé kí n fi gúlù lẹ̀ ẹ́? Ṣé kí n máa fi òrí pa á? Mo tún fẹ́ wá méjì fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ni kí n máa wò?

Ìdáhùn: Ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́ o, ìyá. Wọn kì í lẹ igi ìdábùú, ìyẹn èyí tó gbé àwo ńlá àti àwo kékeré, mọ́ ọ̀pá. Ṣe ni wọ́n ń tì í wọlé kó há, torí abẹ́ rẹ̀ ni kókó okùn wà. Ọjọ́ tí okùn bá já, ẹ ó ní láti tú u. Bí gúlù bá ti wà níbẹ̀, fífọ́ ló kù.

Ọyẹ́ ló fà á. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ara igi á jáde, igi á sì sún kì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ní gígùn, ìbú rẹ̀ ló máa ń dín. Orí ọ̀pá tó wọnú ìdábùú á tín-ín-rín yíká, ṣùgbọ́n ihò tó wọ̀, tí fọ́nrán igi tirẹ̀ dá a lábùú, kò ní kéré tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo dé nìyẹn.

Kí ẹ tó tú u, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí okùn ti jáde dáadáa. Bí ẹ bá dà á rú, kendama ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè di ti ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ wá yí ìdábùú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fà á gba ẹnu ṣóṣóró jáde. Ẹ gé bébà ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ we é lẹ́ẹ̀kan mọ́ ibi tí ìdábùú ń jókòó sí, kó má dí ihò okùn, kí ẹ tì í padà. Bó bá ṣì ń mì, ẹ we é lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kó dúró gbọin bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, kó sì ṣeé fà yọ pẹ̀lú agbára ọwọ́ méjèèjì. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ yọ bébà náà: igi á tún wú, bébà tó bá kù níbẹ̀ sì lè la ìdábùú. Bó bá há nígbà òjò, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ gbé e sí yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Gbígbẹ òjijì ló ń la igi.

Ti òrí, rárá. Òrí, epo pupa, àdí àti òróró ẹ̀pà kì í gbẹ lára igi. Wọ́n á máa lẹ̀, wọ́n á kó eruku, bó bá pẹ́ wọ́n á rùn. Aṣọ tí ẹ fi omi rin díẹ̀ tí ẹ sì fún dáadáa ti tó láti nù ún.

Ọ̀dà tó ń bó lẹ́nu ihò kì í ṣe àbùkù. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ta á tì ni ṣóṣóró ń gbá ibẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 240 ra etí ọ̀dà náà kó má baà máa ṣí sí i, ẹ má kùn ún mọ́. Bí ẹnu ṣóṣóró bá kú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbẹ́ mú á tètè fọ́, ó sì léwu fún ojú. Àfi bó bá la nìkan ni kí ẹ kán súpà gúlù sí ojú ibi tó la, kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà 400 tẹ́ ẹ. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ọmọ.

Ní ti títún rà, fún ẹni tó ń kọ́ ọ, ọ̀dà tí kò dán tó sì ń di àwo mú díẹ̀ ló dára jù. Èyí tó ń dán bíi dígí máa ń yọ̀, ó sì lè sú ọmọ. Bọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ tóbi tó sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú. Bí ẹ bá rí àmì JKA lára rẹ̀, ó bá ìwọ̀n ẹgbẹ́ kendama ilẹ̀ Jàpáánì mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín wò ó: ẹ fi okùn gbé bọ́ọ̀lù kọ́, kó dúró jẹ́ẹ́. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀ gan-an. Èyí tó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò rẹ̀ kò sí láàárín, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ, kò sì ní rọrùn láti gún. Ẹ má ra èyí tí ojú kókó igi wà lẹ́nu àwo. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ là.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ẹ̀rọ tí ń yí igi náà lè ṣe é. Ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ òpó ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ kò lè ṣaláìní ọwọ́ tó mọ igi. Kó má lo aràbà, ó ti rọ̀ jù. Apá le, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rẹ̀ á wúwo, á sì dun ọmọ bó bá bà á níka. Kó lo tíìkì tó gbẹ, kó gé e ní bùlọ́ọ̀kù, kó tọ́jú rẹ̀ sínú ilé títí ọyẹ́ á fi kọjá lórí rẹ̀ kó tó yí i.