Ẹ Bo Ojú Àwọn Èèyàn Kí Ẹ Tó Gbé Fídíò Ìwọ́de Jáde

Ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn máa gbé fọ́tò àti fídíò ìwọ́de sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Èsì tèmi ni pé kí ẹ yà á, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni hàn. Mo jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi tí ìwọ́de EndSARS, tí a fi tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ń gbógun ti adigunjalè, ti ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé àwọn ti tú SARS ká, ṣùgbọ́n inú wa kò tíì rọ̀, a tún jáde. Tákíè, nínú ìlú wa níbí, ni mo ti ya ọmọ àdúgbò wa kan ní fọ́tò: ó na páálí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, àpá ẹ̀bá ètè rẹ̀ hàn kedere, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà sì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Orí mi wú, mo gbé e sórí Facebook. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin mẹ́ta tí a kò mọ̀ rí fi dé ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n ń fi fọ́tò tí mo yà, tí ó wà lórí fóònù wọn, wá ọmọ náà. Mo sáré pa fọ́tò náà rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́, nítorí pé wọ́n ti pín in káàkiri orí WhatsApp. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi sá pamọ́ sí Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ya fọ́tò yẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

N kò ní kí a má yà á o. Fídíò tí DJ Switch, obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ DJ, ń gbé jáde lórí Instagram láti Lekki ní Èkó lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ya páálí, ẹ ya ẹ̀yìn èrò, ẹ fi ẹnu yín sọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí ẹ wà sínú fídíò, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀ síbi tí kò ti lè sọnù. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúméǹtì, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀, yóò sì yọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á kúrò lára rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí, ẹ fi àwọ̀ dúdú bo ojú àwọn èèyàn tí ó wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ẹ má sì gbàgbé aṣọ, torí orúkọ tí ó wà láyà ẹ̀wù yẹn ni wọ́n fi mọ ṣọ́ọ̀bù.