Àṣìṣe Wo Ló Burú Jù fún Ọjọ́ Iwájú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ti ń jiyàn látìjẹta. Wọ́n ní nínú gbogbo àṣìṣe tí aráyé lè ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ló burú jù, pé bọ́ǹbù átọ́míìkì ni. Èmi ní ó pọ̀ lọ súà, kò ṣeé mú ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ló sún mọ́ ọn, àmọ́ mi ò ní dárúkọ bọ́ǹbù. Ohun témi kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, ṣé èèyàn á ṣì kù tó máa tún un ṣe?

Ẹ wo Thomas Midgley, ará Amẹ́ríkà. Ní 1921 òun ló rí i pé téèyàn bá po òjé mọ́ pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì ò ní máa dún gbá-gbá mọ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ òun náà ló tún bá wọn ṣe gáàsì fíríìjì tó wá ń jẹ ozone lójú sánmà, ìyẹn ìbòrí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ọkùnrin kan, àṣìṣe ńlá méjì! Òjé yẹn ṣe ọpọlọ àwọn ọmọdé léṣe káàkiri ayé, ìyẹn ò ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè ṣàdéhùn láti dín gáàsì yẹn kù ní Montreal ní Kánádà ní 1987, nígbà tó sì di 2021 Algeria tó kù gbẹ̀yìn náà ṣíwọ́ títa pẹtiróòlù olójèé fáwọn mọ́tò. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kí wọ́n tó gbọ́n, àmọ́ ẹni tó máa gbọ́n ṣì wà láyé.

Ẹ wá wo October 27, 1962. Ọkọ̀ abẹ́ omi Soviet kan, B-59, wà nítòsí Cuba, ooru fẹ́ pa wọ́n nínú ẹ̀, bátìrì ń kú lọ, wọn ò gbúròó Moscow, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sì ń ju àdó kéékèèké sómi kí wọ́n lè jáde. Bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe sọ ọ́, ọ̀gá ọkọ̀ rò pé ogun ti bẹ́, ló bá ní kí wọ́n ṣètò tọ́pídò átọ́míìkì, ìyẹn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń yìn gba abẹ́ omi. Vasili Arkhipov, ọ̀gá bíi tiẹ̀, ló pẹ̀tù sí i nínú. Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ìkà èèyàn o, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ká ní wọ́n yin tọ́pídò yẹn tógun sì gba gbogbo ayé, ta ló máa wá jókòó ṣàdéhùn Montreal tiẹ̀?

Irú àṣìṣe yẹn ló burú jù lójú tèmi, orúkọ ẹ̀ ló kàn lè yàtọ̀: ó lè jẹ́ bọ́ǹbù, ó lè jẹ́ àrùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ní láàbù, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà tá a gbé gbogbo àṣẹ fún tí ò sì gbà ká pa òun mọ́. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé wọ́n jàre lórí "ọ̀kan ṣoṣo", wọ́n jẹ̀bi lórí bọ́ǹbù, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ̀ jù.