Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Àgbà: Wọ́n gé àpòlúkù ẹ̀gbọ́n mi kúrò, níbo ni oúnjẹ rẹ̀ ń lọ?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀ kúrò pátápátá. Èmi rò pé omi tí wọ́n ń fà sí i lára ni yóò máa gbé e ró títí ayé. Àfi bó ṣe padà sílé tó ń jẹun! Kò kàn lè jẹ púpọ̀ ni. Mi ò lè bi òun fúnra rẹ̀, torí kò fẹ́ ká máa sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí kò sí àpòlúkù mọ́, kí ló ń bá a da oúnjẹ?
*Àbúrò tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ á le. Má jẹ́ kójú tì ọ́ pé o bi mí, torí èmi tí mo ti yege nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì, ọdún kejì mi ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Èdè wa náà dá kún un. Inú là ń pe gbogbo rẹ̀: inú ń run mí, inú mi dùn, inú ń bí mi, oúnjẹ ò dà nínú mi. Ẹni tó bá ń gbọ́ wa á rò pé ìkòkò kan ló wà níbẹ̀ tí gbogbo nǹkan ń já sí.

Ọ̀nà ni, ọmọ mi. Láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ibi tó ti fẹ̀ díẹ̀ là ń pè ní àpòlúkù. Ibi tó fẹ̀ yẹn ni wọ́n gé kúrò fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n wá fa ìfun kékeré gòkè, wọ́n sì rán an mọ́ ìparí ọ̀nà ọ̀fun. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1897, ní ìlú Zurich lórílẹ̀-èdè Switzerland, dókítà Carl Schlatter gé gbogbo àpòlúkù obìnrin ẹni ọdún 56 kan, obìnrin náà yè é, ó sì ń jẹun.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé àpòlúkù kọ́ ló ń da oúnjẹ jù. Ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bù búrẹ́dì díẹ̀ sẹ́nu nísinsìnyí, má fi nǹkan kan jẹ ẹ́, má sì tíì gbé e mì. Máa rún un títí wàá fi ka ọgọ́ta. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Kò sẹ́ni tó bu ṣúgà sí i: itọ́ rẹ ló ń já sítáàṣì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Eyín ẹ̀gbọ́n rẹ àti itọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, kó lò wọ́n dáadáa. Kó rún oúnjẹ kó kúnná kó tó gbé e mì, torí kò sí àpòlúkù tó máa bá a pò ó mọ́.

Pípò yẹn wà lára iṣẹ́ àpòlúkù. Ásíìdì inú rẹ̀ náà ń pa kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, ó sì ń tú ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, màá ní oníbodè ni. Oúnjẹ tí a jẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè dá a dúró fún wákàtí 2 sí 4, kó máa tú u sílẹ̀ sínú ìfun díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ro omi. Oníbodè yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní mọ́. Ohun tó bá gbé mì, ìfun ló ń já sí tààrà.

Mo ti fojú ara mi rí ohun tí èyí lè fà, ẹ̀bi mi sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Aláìsàn kan tí wọ́n ti gé àpòlúkù tirẹ̀ náà ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo bá gbé omi èso tó dùn bí oyin fún un, kọ́ọ̀bù ńlá kan gbáko. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí òógùn fi bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, òyì ń kọ́ ọ. Mo ti rò pé mo pa á. Ọ̀gá mi wọlé, ó wo kọ́ọ̀bù, ó wo mí, ó ní, “Ìwọ lo da gbogbo ṣúgà yìí sínú ìfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.” Bí ṣúgà tó ki bá já wọ ìfun wìì bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń fa omi jáde látinú ẹ̀jẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó yá. Èmi ni ara mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń jẹ díẹ̀ nígbà mẹ́fà lójúmọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì rọ̀ ọ́ pé kó jẹ sí i. Kó yẹra fún ohun dídùn gan-an. Omi náà, kó máa mu ún láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, kó má fi ti oúnjẹ lulẹ̀.

Ìfun kékeré ló wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún gan-an. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Tí wọ́n bá ṣí ikùn èèyàn lórí tábìlì, kì í dúró jẹ́ẹ́, ó máa ń yí, ó máa ń sún kì bí ekòló lẹ́yìn òjò. Dókítà á máa fọwọ́ gbà á díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ibì kan lu, ó sì máa ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Omi tó ń wá láti inú pancreas, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, máa ń ṣàn sínú rẹ̀, ó sì lè da sítáàṣì, ẹran àti ọ̀rá. Òróòro náà ń wá láti inú ẹ̀dọ̀, ó ń ṣe fún ọ̀rá bí ọṣẹ ṣe ń ṣe fún ọ̀rá ara abọ́. Inú ìfun ọ̀hún wá rí bí ara táwẹ́ẹ̀lì, ó hu irun wínníwínní tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ tó ti dà ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí tí mo kà ṣì wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ, àfi kí dókítà sọ ohun mìíràn fún yín. Lẹ́yìn náà ni ìfun ńlá á fa omi tó kù, tí ìyókù á di ìgbẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àpòlúkù ló ń ṣe èròjà tó ń jẹ́ kí ìfun lè gba fítámì B12. Bí kò bá sí i, ara ò ní rí fítámì yẹn gbà dáadáa látinú oúnjẹ, àìtó rẹ̀ sì lè pẹ́ bí ọdún mélòó kan kó tó hàn. Abẹ́rẹ́ B12 tí wọ́n bá ní kó máa wá gbà, kó máa gbà á, ì báà ṣe pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹni ọdún 71 ni mí. Tí ebi bá ń pa mí, ikùn mi a máa kùn, pàápàá níbi tí gbogbo èèyàn bá ti dákẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ní kìnnìún ló wà níbẹ̀. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé agbálẹ̀ ni. Nígbà tí kò bá sí oúnjẹ nínú, àpòlúkù àti ìfun kékeré máa ń sún kì ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 90 sí 120 síra, wọ́n á fi gbá èérún tó ṣẹ́kù lọ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi tó ń gba inú wọn kọjá ló ń dún. Tí ẹ bá jẹun, gbígbálẹ̀ á dáwọ́ dúró.

Èyí tí kì í dún rárá ló máa ń ba àwa nọ́ọ̀sì lẹ́rù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, ìfun máa ń sùn lọ. Lárààárọ̀ ni dókítà á dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ìfun ti jí, á bi àgbàlagbà léèrè pé, “Ṣé ẹ ti só?” Mo rántí ìyá kan tó bínú sí wa fún ọjọ́ méjì gbáko nítorí ìbéèrè yìí. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló pariwo láti òpin wọ́ọ̀dù pé, “Nọ́ọ̀sì, mo ti só o!” Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo gbé ṣingọ́ọ̀mù mì lánàá. Ọ̀rẹ́ mi ní ọdún méje ló máa lò nínú mi. Ẹ gbà mí o!

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ara ò lè da rọ́bà inú rẹ̀, bí kò ṣe lè da èèpo ara àgbàdo. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá dà, ìfun á tì í lọ náà ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, á bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọdé tó bá ń gbé púpọ̀ mì lójoojúmọ́ ló lè dì pọ̀ dí ìfun rẹ̀. Ìwọ gbé ẹyọ kan mì. Lọ sùn.