Kàlẹ́ńdà tí mo kọ̀, àti ilé yúrò 32,000 tí o fẹ́ rà

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ilé olókùúta kan wà fún títà ní Creuse, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, yúrò 32,000, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ọgbà, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí o kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní London lọ máa gbébẹ̀. O tún bèèrè bóyá wọ́n á gba èèyàn dúdú mọ́ra. Creuse yìí ni mo ń gbé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Aubusson, ó ti di ọdún kẹsàn-án. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Pobẹ̀ ní Benin ni ọkọ mi ti wá. Àdúgbò kan lẹ́bàá Paris la ti kó wá.

Ògiri ilé yẹn kò ní já ọ kulẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n fi mọ àwọn ará ibí láyé àtijọ́. Tó bá ti di oṣù kẹta, àwọn ọkùnrin á fẹsẹ̀ rìn lọ Paris lọ mọlé, àwọn obìnrin á máa ro oko, wọ́n á máa da màlúù, títí òtútù á fi dá ọkọ wọn padà. Martin Nadaud, tí orúkọ rẹ̀ wà lára òpópónà káàkiri ibí, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bá bàbá rẹ̀ rin ìrìn náà ní 1830. Bíríkìlà ni, ó sì di aṣòfin ní 1849. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò padà wálé mọ́. Ní 1851, èèyàn tó ń gbé Creuse lé ní 280,000. Lónìí, nǹkan bí 115,000 ló kù. Ìdí nìyẹn tí ilé fi rọjú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ì bá jogún rẹ̀ ti lọ.

Ohun tó gbówó lọ́wọ́ mi kì í ṣe ilé. Oṣù kẹwàá la kó dé. Ẹnìkan tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kiri ta igi óákù fún wa, ó ní ó ti gbẹ, owó rẹ̀ sì dín sí ti ẹlòmíì. Inú wa dùn. Àṣé ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gé e. Igi óákù á tó ọdún méjì kó tó gbẹ dáadáa. Tí a bá kì í sínú ààrò onírin, á máa sín ṣìṣì, omi á máa hó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Gíláàsì ẹnu ààrò á ti dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú. A rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọkùnrin méjì kan ilẹ̀kùn. Ní ibi tí a ti ń bọ̀, a kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí a ò mọ̀ lálẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ìwé pẹlẹbẹ lọ́wọ́ wọn, mo ní a ò ra nǹkan kan. Wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀, wọ́n lọ.

Panápaná ni wọ́n. Nílẹ̀ Faransé, nǹkan bí mẹ́jọ nínú panápaná mẹ́wàá ló jẹ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ìkan ń ṣe búrẹ́dì, ìkan ń sin màlúù, bí aago bá pè wọ́n, wọ́n á já iṣẹ́ sílẹ̀. Tí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á gbé kàlẹ́ńdà wọn kiri ojúlé dé ojúlé. Kò ní iye owó kan pàtó, ohun tó bá wù ọ́ lo máa fún wọn. Wọn kì í ṣe alágbe. Wọ́n ń kí ọ ni, wọ́n sì ń wò ọ́ láti mọ irú ẹni tí o jẹ́.

Oṣù kìíní, ṣímínì wa, ihò tí èéfín ààrò ń gbà jáde lórí òrùlé, gbiná. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú fẹ́ gbéra. Èéfín igi tútù yẹn ti dì mọ́ inú rẹ̀, ó le koránkorán bí ọ̀dà. Mo pe 18, nọ́ńbà àwọn panápaná. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo lé. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tán, ó mú igi méjì nínú èyí tí a kó jọ, ó gbá wọn mọ́ra wọn. Ó dún gbù. Ó ní tó bá gbẹ ni, kọ̀ ló máa dún. Látìgbà yẹn, n kì í sanwó igi láìgbá a wò.

Iléeṣẹ́ ìbánigbófò wa ní ká mú ìwé ẹni tó gbá ṣímínì wá. A ò gbá a rí. Wọn ò san kọ́bọ̀. Rántí pé o gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbá a lọ́dọọdún, kí o sì tọ́jú ìwé rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó wà ní ìsọdá ọ̀nà ló wá ta igi gidi fún wa. Ó gbowó rẹ̀ pé o, kò dín in. Bó ṣe ń já a sílẹ̀ ló sọ fún mi pé láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń wa mọ́tò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òun láràárọ̀, n kì í na ọwọ́ sókè. Ojú tì mí. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, tí ìyá mi ti nà nítorí àìkíni! Tí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì níbí, gbogbo ẹni tí o bá lórí ìlà lo máa kí, "Bonjour", kí o tó wo búrẹ́dì rárá.

Ṣùgbọ́n má rò pé ẹni tó kí ọ á yà kí ọ nílé. Ó tó ọdún méjì kí ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó wọ kíṣìnnì mi. Clafoutis ló gbé wá, oúnjẹ adídùn tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì ṣe. Díẹ̀ ló kù kí eyín mi kán. Wọn kì í yọ kóró inú rẹ̀. Ó ní inú kóró yẹn ni adùn wà.

Ti àwọ̀ ara: wọ́n á wò ọ́. Wọ́n ń wo ará Paris náà, tìrẹ ló máa pẹ́ díẹ̀. Nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá kan kọ̀ kí n fọwọ́ kan òun fún oṣù kan, lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí ẹlòmíì wẹ òun mọ́. Bàbá kan sì wà ní abúlé wa, kò tíì dá mi lóhùn rí títí dòní. Mo ti yéé ka iye ìgbà tí mo kí i.

Lọ síbi òkúta ìrántí ogun ní 11 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí òpin Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó kú, orúkọ ìdílé tó wà lára òkúta náà ló wà lára àpótí lẹ́tà àwọn aládùúgbò rẹ. Gentioux ni ti ìlú tí èmi kò lè gbàgbé: ère ọmọ òrukàn kan di ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ègún ni fún ogun.

Kó o tó fọwọ́ sí ìwé, lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba abúlé náà, bèèrè lọ́wọ́ maire, olórí ibẹ̀, nípa sókàwéè ilé náà. Tiwa ń da omi rẹ̀ sínú odò; ọdún kan ni òfin fún ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ láti tún un ṣe, ó jẹ yúrò 9,000. Tó bá sì jẹ́ ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó lo ní, ilé rírà kò fún ọ ní ìwé ìgbélùú: ọjọ́ 90 péré lo lè lò níbí nínú ọjọ́ 180, àfi tí o bá gba físà. Láìsí mọ́tò, má wá.

Má sì wá wo ilé náà ní oṣù kẹfà, gbogbo nǹkan ló rẹwà nígbà yẹn. Oṣù kejì ni kí o wá, kí o sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Sọ ọjọ́ fún mi, màá bá ọ bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ yẹn bóyá ó ṣì ní igi tó ń dún kọ̀.