Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Wọ́n fẹ́ wó ilé-ìwé tí bàbá mi lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà. Ìjọ ló kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Ilé amọ̀ ni, pàánù rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá mi lọ síbẹ̀, èmi náà lọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti dáwó jọ, wọ́n ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò ní ṣojú àwọn. Èmi sì ni akápò ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ta ni kí n wà? — Akápò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Akápò ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ. Ká tó dórí ògiri, àwọn rẹ́jísítà ilé-ìwé yẹn dà?

Ohun tí mo fi bèèrè ni pé mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tú u, mo rí ilà pupa àti ìkọ̀wé gègé lára bébà tí ìyá alákàrà fi wé e. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, ọjọ́ orí. Àgbẹ̀, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni, oṣù tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo ọmọ tó wà lójú ìwé náà ni wọ́n kọ "6" sí níwájú. Ta ló kúkú mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn? Ọwọ́ ọ̀tún la máa ń gbé gba orí kọjá. Bó bá ti kan etí òsì, o tó ilé-ìwé lọ nìyẹn. (Èmi kúrú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé mi padà sílé.) Mo sáré padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Wọ́n ní ẹni tó palẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé kan mọ́ ló ta àpò bébà méjì fún àwọn. Mo ra ìwọ̀nba tó kù. Epo ṣì wà lára wọn dòní.

N'Ìbàdàn tí o wà yìí, Kúdẹtì ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí ní 1853, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ìjòyè kan fi ọmọ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé. Kì í ṣe ògiri ló sọ orúkọ wọn fún wa. Anna ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ògiri. Fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, tó sì ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì yẹn gan-an ló ń pa á. Amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa mí i síta. Sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́nu, omi há sínú, amọ̀ di ìyẹ̀fun. Ẹ ha á kúrò. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí ilé ká. Ẹ po amọ̀ irú èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ mọ́ koríko gígé, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ bò ó fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó fi lẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà ọmọ àná lè máà mọ̀ ọ́n, ẹ wá àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n pàánù ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ bá, torí ilé amọ̀ tí òjò ò bá rọ̀ sí lórí kì í tètè kú.

Mi ò ní tìtorí bàbá rẹ purọ́ fún ọ o. So òkúta mọ́ okùn, jù ú sílẹ̀ láti òkè ògiri. Bí ògiri bá ti fì síta gan-an, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lónìí, kí ẹ pe ẹnjiníà.

Ẹgbẹ́ yín ò sì lè dédé wó o. Ìjọba ti gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ tipẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí bàbá rẹ má fọkàn tán àṣẹ ìjọba jù. Ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinúbú l'Ékòó, láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lọ́jọ́ Sunday kan ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Bí àyè bá wà nínú ọgbà, ẹ kọ́ búlọ́ọ̀kù yín sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Kí o tó fọwọ́ sí sọ̀wédowó kankan, gbé fóònù rẹ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kí o ya àwọn rẹ́jísítà yẹn lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá kan orúkọ bàbá rẹ, kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá "6" ni wọ́n kọ fáwọn náà.